Orúkọ Tí Mo Nù Kúrò Nídìí Ọkọ̀ Bàbá Lásísì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ogójì ọdún àti díẹ̀ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo máa ń sọ pé orúkọ ni mò ń ṣí kúrò lára ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí dáadáa á rò pé mò ń fi òun ṣeré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀. Ọkọ̀ àwòṣe ni, bàálù kékeré àti ọkọ̀ òkun kékeré tí wọ́n ṣe kí wọ́n jọ àwọn ńlá, tí àwọn ọ́fíìsì máa ń gbé sínú àpótí onígíláàsì kí oníbàárà lè máa wò ó. Tí ilé iṣẹ́ bá yí orúkọ padà, tàbí tí ẹlòmíì bá rà á, orúkọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ náà kí tuntun tó débẹ̀. Sítíkà ni wọ́n fi ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n yọ sítíkà náà kúrò, kí ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ má sì ní àpá kankan.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á máa bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló yẹ kí àwọn kọ́. N kò lè yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, ibi tó dùn àti ibi tó dùn mí, kí kálukú fi wo ara rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Sandgrouse, inú agbo-ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó la sì ń gbé. Ọ̀gá Bùráímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní iwájú agbo-ilé náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ti ṣe káfíńtà rí ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òkun kan ní Marina, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ àwòṣe àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé tí kò sí bí mo ṣe lè tẹ̀ síwájú, ìyá mi mú mi lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi gba Rìsíkátù yìí," ìyá mi wí. "Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Tó bá ṣa ẹ̀wà, ẹ ò ní rí òkúta kan níbẹ̀."

Ọ̀gá ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ó wò wọ́n, ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n.

"Kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ó wí. Ọ̀rọ̀ ìgbaniṣíṣẹ́ tèmi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún kan gbáko, n kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan. Aṣọ funfun ni mò ń fọ̀, mò ń sá a, mò ń gé e sí wẹ́wẹ́. Láràárọ̀, kí a tó ṣí fèrèsé, Ọ̀gá á ní kí n gbé ọwọ́ lé tábìlì, á yẹ èékánná mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá gùn, òun fúnra rẹ̀ á fi àlùmọ́gàjí gé e. Kò gbà kí n wọ òrùka, kò gbà kí n wọ ẹ̀gbà ọwọ́. Lọ́dún kejì, ó kó agolo mílíìkì jọ, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà, ó lẹ sítíkà mọ́ wọn, ó ní kí n máa yọ ọ́. Tí mo bá yọ ọ̀kan tán, á gbé agolo náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, á tẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá ti rí ìlà kan, bó ti wù kó kéré tó, á kan gbé agolo mìíràn fún mi ni. Kò ní sọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa. Ó ní kí n wá a fúnra mi.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí rèé. Èèyàn á rẹ aṣọ kékeré sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tẹ́ ẹ lé orí sítíkà náà, á sì dúró. Dídúró yẹn ló le jù. Ọmọ iṣẹ́ á fẹ́ gbé etí aṣọ náà wò bóyá ó ti rọ̀. Ọ̀gá Bùráímọ̀ á mú tẹ̀súbáà rẹ̀, á fà á yípo, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé aṣọ náà kó tó fà á tán. "Omi ló ń ṣiṣẹ́," ó máa ń wí. "Tìẹ ni kí o má dí i lọ́wọ́." Tí omi kò bá tó o, a máa kán fínígà sí i. Tí sítíkà náà bá ti rọ̀, igi pẹlẹbẹ kan tí ó ti fi sáńpépà dán títí ẹnu rẹ̀ fi rọ̀ la fi ń tì í díẹ̀díẹ̀ láti igun kan. Irin kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Èékánná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Kí a tó fi oògùn kankan sí ojú ọkọ̀, ikùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń bi. Bí Ọ̀gá ṣe ń pè é nìyẹn: bíbi ikùn. A máa fi òwú kán oògùn náà sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé, a máa dúró, a máa wo òwú náà. Bí àwọ̀ bá ti yọ sára òwú, oògùn yẹn kò bá ọ̀dà yẹn mu nìyẹn.

Ohun mìíràn tó máa ń yọ wá lẹ́nu ni òjìji orúkọ. Tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nítòsí fèrèsé, oòrùn á ti ṣá gbogbo ara rẹ̀, àfi abẹ́ sítíkà. Èèyàn á yọ orúkọ kúrò tán pátápátá, síbẹ̀ á ṣì máa kà á. Ọṣẹ ìfọyín la máa ń fi pa àyíká rẹ̀, ní jẹ́jẹ́, títí ojú ọ̀dà tó ti ṣá yóò fi ṣí tí gbogbo rẹ̀ á wá bára mu. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ṣẹ Ọ̀gá lọ́dún kẹta. Bàálù kan ni, sítíkà rẹ̀ ti kúrò tán àfi igun kan lórí ìyẹ́. Mo fi èékánná hú u. Ìlà tó wà níbẹ̀ kò tó irun orí. Ọ̀gá rí i láti orí ìjókòó rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí n máa lọ sílé, òun á ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìyá mi ní Sandgrouse, tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mi lọ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́, Ìyá Rìsí," ó dá a lóhùn. "Rìsíkátù rí yín bá a bẹ̀bẹ̀. Bàálù yẹn ò lẹ́ni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀."

Nígbà tó pè mí padà, bàálù náà wà lórí tábìlì. Ó ti tún gbogbo ìyẹ́ náà kùn látòkèdélẹ̀ nítorí ìlà kan yẹn. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí ọdún mi pé, ó ṣàdúà fún mi níwájú ìyá mi, ó ní mo ti di ọ̀gá ara mi. N kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láràárọ̀. Àwọn ọ́fíìsì ní Marina àti ní Tinúbú ti mọ̀ mí. Tí wọ́n bá rí mi tí mo gbé àpótí dání, wọ́n á ní, "Ọmọ Ọ̀gá Bùráímọ̀ ti dé." Mo gbà pé kò sí sítíkà tí n kò lè yọ. Ìgbà yẹn ni Ìyá Lásísì wá.

Ọ̀gá kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó lọ sìnkú ní Ọ̀yọ́, ó sì sọ fún mi pé òun á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ìyá Lásísì ń gbé ní agbo-ilé kejì sí tiwa, opó ni, ó sì ti tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ó fi ìró wé ohun kan, ó gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Nígbà tó tú u, ọkọ̀ òkun ni. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù ṣe ilé orí rẹ̀, wọ́n kùn ún ní funfun.

"Ẹ jókòó, Màmá," mo wí.

Kò jókòó. Ó yí ìdí ọkọ̀ náà sí mi. Sítíkà gbọọrọ kan wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n kọ sí i.

"Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ," ó wí. "Ojú òkun ló ti gbẹ́ ẹ, nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Ó gbé e wálé fún mi. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá yá a, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e sí ọ́fíìsì kí èèyàn lè máa wò ó. Wọn ò dá a padà. Ọkọ mi kú sí ìlú òkèèrè kan, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ọ́fíìsì yẹn pa, akọ̀wé wọn kan tó mọ̀ mí ló gbé e wá fún mi."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Màmá."

"Orúkọ mi ló kọ síbẹ̀ yẹn, lábẹ́ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe Sìdíkátù tí gbogbo èèyàn mọ̀. Sìdí ló kọ. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka tọ́ sítíkà náà. "N ò mọ̀wé o. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rí. Mo fẹ́ tún rí i."

Mo sọ fún un pé Ọ̀gá kò sí nílé, pé ó lè fi í sílẹ̀ dè é. Ó bèèrè ìgbà tó máa dé. Mo sọ fún un. Ó ní kò burú, òun á dúró. Kò rọ̀ mí, kò bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ èyí: èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé, "Mo lè ṣe é, Màmá. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun."

Sítíkà náà kì í ṣe irú èyí tí omi ń ràn. Èyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yan lójú oòrùn. Mo rẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo rẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò mira. Lọ́jọ́rú, mo fi fínígà sí i, ojú rẹ̀ kúrò, ó wá ku gọ́ọ̀mù tó pọ́n bí oyin. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù náà, mo rí i pé nǹkan kan wà tó dúdú, bí èèyàn ṣe ń rí ẹja nínú omi tí kò mọ́. Mo fi karosíìnì sí i. Kò ṣe é ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo mú ìgò tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Mo bi ikùn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kán an sí abẹ́ rẹ̀, mo dúró, mo wo òwú. Funfun ni. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Òwú mọ́ tónítóní. Mo ní, ọ̀dà yìí le, ó máa gbà á.

Mo fi òwú náà kan ìdí ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù náà yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ká kúrò. Orúkọ náà hàn sí mi kedere, lẹ́tà mẹ́rin, búlúù. Mo rí i tó bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àkọ́kọ́ rìn. Mo fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, èkejì náà bá a lọ. Mo fẹ́ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Nígbà tí mo fi gbé ọwọ́ kúrò, ìdí ọkọ̀ náà funfun, kò ní ìlà kankan, ó dán. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn ni, iṣẹ́ tó dáa gan-an nìyẹn.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara ọkọ̀ ni ikùn ń dáhùn fún. Ọkùnrin náà kò fi ọ̀dà kọ orúkọ. Yíǹkì tí wọ́n fi ń sàmì sára àpótí ẹrù ló rí lò lójú òkun, òun ló fi kọ ọ́. Ikùn kò mọ nǹkan kan nípa yíǹkì.

Mo jókòó síbẹ̀, òwú búlúù yẹn sì wà lọ́wọ́ mi. N kò sunkún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọ̀la ni ọjọ́ Jímọ̀.

Ìyá Lásísì wá lẹ́yìn ìrun bí mo ṣe sọ. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó mọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kù díẹ̀, Màmá," mo wí. "Ó ń gbẹ ni."

"Kò sí wàhálà," ó wí. "Má kánjú. Ṣe é dáadáa fún mi."

Irọ́ yẹn wúwo lọ́kàn mi ju ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ náà lọ, títí di òní. Aṣìṣe ni ti ọkọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ yẹn ni.

Ọ̀gá dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò tíì bọ́ aṣọ ìrìn àjò tí mo fi kúnlẹ̀ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe agolo mílíìkì. Ó wá òjìji orúkọ náà bóyá ó kù. Kò kù.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ̀yin lè kọ ọ́. Mo rántí bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí, màá júwe rẹ̀ fún yín. Ìyá yẹn ò mọ̀wé. Kò ní mọ̀."

"Mo lè kọ ọ́," ó wí. Ó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀. "Mo lè kọ ọ́ débi pé inú rẹ̀ á dùn, á máa gbàdúà fún wa. Láràárọ̀ lá á máa fi ọwọ́ pa á. Ọwọ́ ta lá á wá máa pa?"

Mo wo ìdí ọkọ̀ náà.

"Ọwọ́ Bùráímọ̀," ó wí. "Opó olópó á wá máa fọwọ́ pa ọwọ́ Bùráímọ̀, á máa rò pé ọkọ òun ni. Dìde. Gbé ọkọ̀ náà."

"Ẹ máa bá mi lọ, Ọ̀gá?"

"Màá bá ọ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹnu rẹ ló máa sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó dúró sí ìta lẹ́bàá ògiri, mo wọlé. Ìyá Lásísì ń ká aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ fún un. Mo sọ ti tínà, mo sọ ti yíǹkì, mo sọ pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi tán. Ó gbé ọkọ̀ náà lé orí ẹsẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀ lọ, ó pa á bọ̀.

"Ṣé o rí i kó tó lọ?" ó bi mí.

"Mo rí i, Màmá."

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Mo ní búlúù ni. Mo ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Mo ní ìkẹta kò padé dáadáa lókè, àyè kékeré kan wà níbẹ̀. Mo ní èyí tó kẹ́yìn gùn ju àwọn yòókù lọ, ó fà sísàlẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

"Ìgbì ni," ó wí. "Ó sọ fún mi. Ó ní ìgbà tí òun fẹ́ parí rẹ̀ ni ọkọ̀ mì." Ó tún pa ibẹ̀. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni n ò ti rí i. Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà báyìí."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bèèrè. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Lásísì bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìkókó ni Lásísì nígbà tí wọ́n wá yá ọkọ̀ náà lọ, kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ rí. Mo padà lọ, mo jókòó níwájú ọkùnrin tí a jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, mo júwe lẹ́tà mẹ́rin náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fi ìka kọ ọ́ sórí tábìlì. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n tún un kọ. Ìtìjú tó wà lára mi lọ́jọ́ náà, n kò lè sọ ọ́ tán.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìyá Lásísì kú. Lásísì ló ní ọkọ̀ náà báyìí. Wọn kò kọ ohunkóhun sí ìdí rẹ̀.

Ní tèmi, ọwọ́ mi kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Tí mo bá mú òwú, ó máa ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá agolo mílíìkì mẹ́wàá lórí tábìlì mi, ó ti kùn wọ́n, ó ti lẹ sítíkà mọ́ wọn. Mo jókòó tì wọ́n bí ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ó tó oṣù méjì. Láti ìgbà náà ni òfin ṣọ́ọ̀bù wa ti yí: a kì í bi ikùn nìkan mọ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan la ń bi, ibi tó kéré jù lára rẹ̀. Tí ìdáhùn kò bá sì dá wa lójú, a máa gbé ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín pẹ̀lú sítíkà rẹ̀. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ padà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bú mi. Wọ́n ní mi ò mọṣẹ́.

Ọ̀gá Bùráímọ̀ kú lẹ́yìn Ààwẹ̀ kan, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà péré. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n máa lo ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà yẹn. Igi àti páànù lọ, ike dé. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń gé sítíkà báyìí, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lágbára, ooru ni wọ́n sì ń gbọ́, kì í ṣe omi. Mo lọ sí ọjà Balógun, mo ra ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, mo kọ́ bí mo ṣe máa gbé e jìnnà tó kí ike má baà ká kò. Oògùn oríṣiríṣi dé nínú ìgò kéékèèké láti òkè òkun, mo dán gbogbo wọn wò kí n tó gbà wọ́n gbọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun dín kù ní Marina, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yàwòrán ilé, àwọn ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, àtàwọn ọ̀dọ́ tó ń to bàálù kéékèèké fún ìgbádùn ara wọn ń wá mi kiri.

Ọ̀kan nínú wọn ni Sàlímá. Ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga póólì, kò sì rí iṣẹ́ tó kọ́ níbẹ̀ ṣe. Ó wá fún ọjọ́ kan láti wo bí mo ṣe ń ṣe é, kò lọ mọ́. Fóònù ló fi ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ wa ní ilẹ̀ òkèèrè, á wá fi hàn mí. Mo kọ́ ọ ní dídúró, òun náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi téèpù gbé sítíkà tó ti gbẹ láì fi igi kàn án. Lóṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Lásísì fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ojú mi ló wá dá mi dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì láti ẹ̀gbẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sún tábìlì mọ́ fèrèsé, mo máa ń pe Sàlímá pé kó bá mi wo nǹkan, bí ẹni tó ń dán an wò. Ó tó ọdún kan kí ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú tó gbé bàálù ńlá kan wá, ó gùn tó apá mi. Orúkọ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ìrù. Ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo mú igi pẹlẹbẹ, mo wá igun sítíkà náà, n kò rí i. Mo tẹ igi náà síbi tí mo rò pé ó wà.

Sàlímá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, kò fà á.

"Ìyá, ojú ọ̀dà lẹ gbé e lé," ó wí. "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe èyí."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí tèmi, kò gbọ̀n. Mo fi igi náà sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, mo jókòó tì í, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àwa méjèèjì la gbé e lọ sí Tinúbú. Mánéjà ibẹ̀ gbé bàálù náà sókè, ó yí i yípo, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

"Màmá, ọwọ́ yín yìí, kò sírú ẹ̀," ó wí. "Kò jọ pé orúkọ kankan wà níbẹ̀ rí. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó rọrùn kí n kàn ní ó ṣeun. Sàlímá kì bá tí sọ nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é," mo wí. "Sàlímá yìí ni. Ojú mi ò gbé e mọ́. Láti òní lọ, òun ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo Sàlímá. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí wọ́n á ṣe máa nu eruku kúrò lára rẹ̀, àti irú aṣọ tí wọ́n á fi nù ún. Láti ogójì ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níwájú mi tí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù látìgbà tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó wá dé, mo fẹ̀yìn ti àga, mo yọ ẹsẹ̀ mi kúrò nínú bàtà tó ti ń há mi láti àárọ̀, mo sì ń gbọ́ bí Sàlímá ṣe ń ṣàlàyé fún wọn.